Ilé Tí Màmá Ọ̀gá Rà Nínú Súwè

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, ní oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọ̀wọ̀. Iṣẹ́ mi ni láti fi ìdárayá dá agbára padà sí ẹsẹ̀ àti apá tí àìsàn ti sọ di aláìlágbára. Mo kà á ní yunifásítì, mo sì gba ìwé ẹ̀rí, síbẹ̀ àyà mi ṣì máa ń já ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá wọ aṣọ funfun náà. Mo máa ń rò pé ẹnì kan máa tó rí i pé mi ò mọ nǹkan kan.

Màmá Ọ̀gá ló wà níwájú mi. Rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì wọn. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀, wọ́n á wò mí bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé ìwé, wọ́n á ní ó ti rẹ àwọn, wọ́n á jókòó. Ẹsẹ̀ tí a kò bá lò, líle ló ń le. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní rìn mọ́.

Lọ́jọ́ náà, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa àpótí-àpótí sílẹ̀ láti fi ibi tí wọn yóò máa gbé ẹsẹ̀ sí hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí.

“Ta ló kọ́ ọ ní súwè? Kò gún!”

“Màmá, kì í ṣe súwè, ìdárayá ni.”

“Súwè ni. Mú àpáàdì wá.”

Kò sí àpáàdì, mo fún wọn ní ìdérí ìgò. Wọ́n jù ú sí àpótí àkọ́kọ́, wọ́n di ọ̀pá wọn mú, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ òsì. A kò fò o. Gbígbé ẹsẹ̀ nìkan ni. Láti ọjọ́ náà, àwọn gan-an ló ń bi mí bóyá mo ti fa ìlà. Wọ́n sì ń rẹ́ mi jẹ! Wọ́n á tẹ ìlà, wọ́n á ní ìlà ló sún. Bí inú wọn bá ti dùn, wọ́n á pa Yorùbá ilé ìwé tì, èdè Ọ̀wọ̀ á máa tú jáde. Èmi ọmọ Ìkìrun ò gbọ́ tó ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èébú ni. Nígbà tí wọ́n ra ilé, tí àpótí kan di tiwọn, wọ́n pariwo, “Má tẹ ilé mi o! Olè!” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀: fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rù iṣẹ́ náà fi mí sílẹ̀.

Fẹ́mi, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìfọ̀n, wọlé bá wa níbi tí Màmá Ọ̀gá ti ń yọ ahọ́n sí mi.

“Kí lẹ̀ ń fi ìyá mi ṣe?”

“Ìdárayá ni, sà. Ẹsẹ̀ wọn ti ń gbé sókè báyìí…”

“Àwọn tí ìyá mi kọ́ níwèé ló ń gba ibí kọjá! Ṣé kí wọ́n máa sọ pé àìsàn ti kan orí ìyá mi ni?”

Mo wo Màmá Ọ̀gá pé kí wọ́n gbà mí sílẹ̀. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n sì wolẹ̀, bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ká mọ́ ibi eré.

Fẹ́mi mú wọn lọ sí ilé ní Ìyere, kò sì dá wọn padà. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní a kì í lépa aláìsàn tó bá ti kúrò lọ́wọ́ wa.

Lánàá, Màmá Ọ̀gá pè mí lórí fóònù. Ohùn wọn lọ sílẹ̀.

“Ẹsẹ̀ yẹn tún ti ń wọ́ nílẹ̀.”

“Ṣé kí n wá, mà?”

“Má wá o. Inú á bí Fẹ́mi. Ó ra àga tìmùtìmù fún mi, orí rẹ̀ ni mò ń gbé.” Wọ́n sì bi mí pé, “Ọjọ́ wo lo kì í lọ síbi iṣẹ́?”

“Sátidé, mà.”

“Sátidé ni Fẹ́mi máa ń lọ sóko.” Wọ́n pa fóònù.

Mi ò sùn dáadáa. Bí mo bá yọ́ lọ, tí wọ́n sì ṣubú, ọrùn mi ló wà. Bí mo bá lọ bá ọmọ wọn ní gbangba, ó lè dà bíi pé mo tú àṣírí wọn. Bí mi ò bá sì lọ rárá, ẹsẹ̀ yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, pàápàá ẹ̀yin tí ìyá yín ti dàgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Sátidé kù sí dẹ̀dẹ̀.