Gbàǹja Tí Ìdíátù Kò Lè Rún Mọ́

Ogún ọdún ni Ìdíátù fi ta obì ní Sábó, Ṣàgámù. Tó bá ti rún gbàǹja lẹ́nu, á sọ èyí tí kò ní pẹ́ bàjẹ́ fún ẹ. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn.

Lọ́dún tó kọjá, iṣan ẹ̀bá etí rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, ojú ń ṣe bàìbàì. Dókítà Ọláníyọnu fún un ní oògùn tó pa wíwú náà. Ojú mọ́lẹ̀ padà. Àmọ́ oògùn ọ̀hún mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ni àwọn aláròká Sábó, tí wọn kì í rí tiwọn, bá sọ ọ́ ní Ìyá Búrẹ́dì. Ìdíátù arẹwà! Ó dùn ún wọra.

Dókítà ní àwọn á máa dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀. “Ìyá, àìsàn yìí lè padà bá a ṣe ń dín in. Tí àgbọ̀n bá ń dùn yín tẹ́ ẹ bá ń jẹun, ẹ tètè sọ. Ojú yín ló máa bá a lọ o.”

Wọ́n dín in dé hóró mẹ́ta lójúmọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló gé gbàǹja jẹ, àgbọ̀n mú un gírí. Ó tu ú dànù. Láti ọjọ́ náà, Kàúsárà ọmọ rẹ̀ ló ń bá a tọ́ obì wò.

“Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká sọ fún dókítà.”

“Kó tún bù kún un? Kí wọ́n tún máa fi mí ṣẹ̀sín? Pa ẹnu ẹ dé!”

Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Nígbà tí òun àti Kàúsárà padà dé ọsibítù, dókítà bi í: “Ṣé kò síbi tó ń dùn yín?”

“Alhamdulillah.”

“Àgbọ̀n ńkọ́?”

“Alhamdulillah.”

Bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó kíni lójú ọ̀nà lóhùn! Ṣé Ọlọ́run ló ní kéèyàn máa fi ìyìn bo irọ́ mọ́lẹ̀? Kàúsárà fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà. Dókítà dín in sí méjì.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, Ìdíátù ń ṣa obì ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. “Kàúsárà, ta ló ti fèrèsé?”

“Kò sẹ́ni tó tì í, Ìyá mi.”

Ojú ọ̀tún ti kú láti àná. Ìyẹn náà, kò sọ ọ́.

Kàúsárà fà á lọ́wọ́ dé ọsibítù. Dókítà yẹ ojú méjèèjì wò, ó bi í ìgbà tí àgbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ìdíátù ní ó ti tó oṣù kan.

“Ìyá, ká ní ẹ sọ fún mi ni, hóró méjì, mẹ́ta péré la máa fi kún un.”

“Ẹ fi kún un báyìí, dókítà. Mo ti gbà.”

“Èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́, Ìyá.”