Obìnrin Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Bódìjà

Ẹ fà sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ wá ibi ire jókòó sí. Ẹni tó bá ní ẹ̀wà lórí iná, kó yára lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó padà wá, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró.

Mo rántí ìgbà tí taipúráítà mi wà lábẹ́ àtíbàbà páànù kan ní Àgbowó, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kí ọ̀rúndún tó kọjá tó parí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń tò síwájú mi pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ. Kọ̀ǹpútà ti ń wọ̀lú, ṣùgbọ́n iná ọba kì í dúró, taipúráítà kì í sì í béèrè iná. Ọwọ́ mi yá dé ibi pé mo lè máa tẹ̀wé kí n sì máa ná ọsàn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri kọjá. Ohun tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi ni pé, "Ojú lórí ìwé, ọwọ́ lórí bọ́tìnnì, ẹnu ní pípadé. Ohun tí wọ́n bá kọ ni kó o tẹ̀. Ìwọ kọ́ lo ni ín." Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni gba ìrìbọmi. Mo tẹ ìwé nípa kòkòrò inú kòkó, mo tẹ̀ nípa òfin ilẹ̀, mo tẹ̀ nípa ìfun ewúrẹ́, kò sì sí èyí tó dúró sí mi lórí nínú gbogbo wọn.

Àfi ti ìyá kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ará Èkìtì ni, ó ti bímọ mẹ́ta, ó sì ń wá oyè gíga nínú ẹ̀kọ́ ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn obìnrin inú ìtàn ẹ̀rù àtijọ́ àwọn òyìnbó ló ń kọ̀wé lé lórí, irú ìtàn tí wọ́n ń pè ní Gótíìkì. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pé ilé ńlá kan á wà tó ti gbó, obìnrin kan á sì wà nínú rẹ̀ tí kò lẹ́nìkan. Obìnrin náà á ní òun ń gbọ́ ìró, á ní ọkàn òun ń lù kì kì kì. Àwọn ará ilé á ní orí rẹ̀ ló dàrú, wọn á sì tì í mọ́lé. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yẹn gan-an ló sábà máa ń fẹ́ jogún ilé. Ó yá mi ní méjì nínú àwọn ìwé náà. Èmi tí mi ò tíì ka ìwé kankan parí látìgbà tí mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, mo wá di ẹni tó ń kà á lórí ìkòkò ọbẹ̀. Ọbẹ̀ jóná lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi náà sì rèé, inú ilé ńlá tó gbó ni mò ń gbé. Yàrá kan ni mo háyà ní bọ́ìs-kọ́tà ẹ̀yìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bódìjà. Ìyá onílé ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí, ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, obìnrin, wà nílé ọkọ ní Kàdúná. Òun nìkan ló wà lókè. Láàárín oṣù díẹ̀, mo rí i pé ìyá náà ń yí padà. Ó ń jẹun bí ẹni tó ń dí kòtò, síbẹ̀ ó ń rù bí igi ìdáná. Ojú rẹ̀ yọ síta, ó sì là kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ́rù bà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ife tíì á máa kọrin lórí àwo. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí gbogbo Bódìjà ń wọ súwẹ́tà, ìyá yìí ṣí gbogbo fèrèsé òkè sílẹ̀, ó ró aṣọ funfun kan ṣoṣo mọ́yà, ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè lọ́sàn-án gangan, ó ń fi ìwé tí wọ́n fi ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé fẹ́ ara rẹ̀, òógùn sì ń ṣàn. Àwọn ọmọ àdúgbò tí bọ́ọ̀lù wọn bá wọ ọgbà rẹ̀ kì í wá mú un mọ́.

Lọ́jọ́ kan tí mo gbé omi gòkè fún un, mo gbọ́ tó ń kà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé, "Márùndínláàádọ́fà, mẹ́rìndínláàádọ́fà, mẹ́tàdínláàádọ́fà." Mo yọjú wò ó. Kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀, kò sówó, kò sí hóró àgbàdo. Mo gbé omi kalẹ̀, mo sì sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Lọ́kàn mi, mo ti mọ orí tí a dé nínú ìwé Gótíìkì náà.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni àbúrò ọkọ rẹ̀ wá láti ìlú wọn ní Òkè-Ògùn. Díákónì ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó pè mí sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ọmọ mi, ìwọ tó ò ń gbé ibí, báwo lo ṣe rí ìyàwó wa sí?"

Ká ní mo sọ ohun tí mo rí nìkan ni. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìwé méjì, mo ti di ọ̀mọ̀ràn. Mo ní, "Wọ́n máa ń ka nǹkan tí kò sí níbẹ̀, sà. Ó dà bíi pé wọ́n ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀." Mo ní ó dà bí ohùn ọkùnrin ló ń dáhùn. Irọ́ ni, mi ò gbọ́ ohùn kankan. Adùn ìtàn ló mú mi bu iyọ̀ sí i. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ti balẹ̀, mo sì tún lọ jẹun sùn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, díákónì dé sí àtíbàbà mi ní Àgbowó lọ́jọ́ Ọjọ́rú, pẹ̀lú lẹ́tà tó fọwọ́ kọ. Ó fẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta. Ó ní òun ń lọ Dùgbẹ̀, òun á padà wá gbà á. Mo fi káábọ́nù sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń tẹ gbogbo ìwé, ojú lórí ìwé, ọwọ́ lórí bọ́tìnnì. Ìgbà tí mo dé ibi tó ti kọ orúkọ mi ni ìka mi dúró.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè, mo wá kà á. Ó kọ ọ́ sí olórí ẹbí àti sí ọmọ ìyá náà ní Kàdúná. Ó ní ìyàwó wọn ti rù, orí rẹ̀ kò pé mọ́, ó ń ka ohun tí ojú kò rí, ó ń bá òkú sọ̀rọ̀, ayálégbé ilé náà sì jẹ́rìí sí i. Ó ní àwọn máa wá mú un ní Sátidé lọ sí ilé ìwòsàn àdúrà kan ní ìlú wọn, níbi tí wọ́n ti ń mójú tó irú wọn, ẹbí á sì fi ilé Bódìjà háyà fún àwọn olùkọ́ yunifásítì.

Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí bẹ́ǹṣì mi, ó ń ṣàtúnṣe orí kejì ìwé tirẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nínú àwọn ìtàn yín yìí, ta ló máa ń gba obìnrin náà sílẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé á jó ni. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ ohun tó ń bí mi nínú? Gbogbo wọn ni yóò sọ ohun tó ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé, ibo ló ń dùn ọ́?"

Nígbà tí díákónì padà dé, mo parọ́ fún un pé ríbọ́nù taipúráítà mi ti já, kó padà wá ní Sátidé kan náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gòkè, mo kúnlẹ̀, mo gbé lẹ́tà náà fún ìyá onílé, mo sì sọ ohun tí mo sọ lábẹ́ máńgòrò. Kò bú mi. Ó wo mí pẹ̀lú ojú ńlá yẹn títí tí mo fi wolẹ̀. Ó wá fa dúróọ̀ yọ, ó mú bíírò pupa jáde, ó ní kí n di ìwé mú torí ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó ń máàkì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ní ó ń ka ohun tí ojú kò rí, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, *Ọkàn mi ni mò ń kà.*

Mo ní, "Màmá, ibo ló ń dùn yín?"

Ó ní, "Látìgbà tí bàbá ti lọ, gbogbo èèyàn ló ń bi mí bóyá mo gbàdúrà." Ó mú ìka mi, ó fi lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé aago ọkọ rẹ̀ sójú mi. Ohun tó wà lábẹ́ ìka mi ń jà bí adìyẹ tí wọ́n fi aṣọ dì. Mo kà á pẹ̀lú rẹ̀ títí ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá aago fi yí po lẹ́ẹ̀kan. Méjìdínláàádóje. Ó ní nǹkan oṣù òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró ni, ìyá òun náà ń lóoògùn nígbà tirẹ̀, òun sì rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má bàa ní òun ti ya wèrè. "Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n," ó ní, "orí mi dúró."

Ní Ọjọ́bọ̀, a wọ takisí lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Jericho. Dókítà náà, obìnrin, gbé ife omi fún un, ó ní kó mu ún díẹ̀díẹ̀, ó sì ń wo ọ̀fun rẹ̀. Nǹkan kan gòkè níbẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú omi, kò tóbi ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó wá ṣàlàyé fún wa pé ẹṣẹ́ kan, ẹ̀yà ara kékeré, wà lọ́fun tó ń tú oje tí wọ́n ń pè ní họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀, họ́mọ̀nù yẹn ló ń sọ fún ọkàn bó ṣe máa yára tó. Bó bá pọ̀ jù, ọkàn á máa sáré bí ẹṣin tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀, ara á gbóná, ẹran ara á yọ́, ọwọ́ á gbọ̀n, ojú á yọ. Ó ní dídúró nǹkan oṣù náà máa ń mú ooru wá, họ́mọ̀nù obìnrin tó ń bá ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe á sì dín kù. Àwọn méjèèjì ló jọ dé bá ìyá yìí, ọ̀kan sì sá pa mọ́ sẹ́yìn èkejì. "Orí yín ò dàrú, Màmá. Ẹṣẹ́ yín ló ń ṣe àṣejù." Ó kọ oògùn méjì, ọ̀kan fún ẹṣẹ́, ọ̀kan láti mú ọkàn rọra rìn. Nínú takisí tí a bá padà, ìyá onílé sunkún títí a fi dé ilé.

Sátidé, mọ́tò díákónì dúró lẹ́nu géètì. Ìyá onílé ti wé gèlè, ó ti jókòó sí pálọ̀ ìsàlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀," ó ní, ó sì na lẹ́tà sí i. "Máàkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá lẹ gbà. Ẹ gba ọ̀kan torí pé ẹ kọ déètì. Ẹ gba méjì torí ẹ rí i pé mo ti rù. Nínú gbogbo ẹbí, ẹ̀yin nìkan lẹ rí i."

"Ìyàwó wa, ire yín là ń wá." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ kọ́ lo sọ fún mi pé o gbọ́ ohùn?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mo bu iyọ̀ sí i ni, sà. Ọkàn wọn ni wọ́n ń kà."

Ó fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n ìyá onílé ti fi ìwé dókítà lé e lọ́wọ́, ó sì ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kejì: ọ̀fun, ojú, ọwọ́, ooru. Mo rí i tí díákónì ṣí fìlà. Ó jókòó. Ó béèrè omi, kò sì mu ún.

"A ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan rí," ó ní. "Gẹ̀gẹ̀ wà lọ́rùn tiẹ̀. Ojú tiẹ̀ náà yọ síta báyìí. Èmi ni mo gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn àdúrà yẹn. Wọ́n ní kó máa gbààwẹ̀. Kò padà wálé mọ́."

Mọ́tò náà padà lófo. Ọkàn ìyá onílé rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ojú rẹ̀ kò padà wọlé tán, ṣùgbọ́n ara padà sí i lára, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kó tó sùn tí kò jí. Ilé di ti ọmọ rẹ̀ ará Kàdúná. Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ gba oyè rẹ̀. Ẹ̀dà káábọ́nù ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mo sì kà á ní àkàyé nígbà tó yá. Díákónì ló mú lẹ́tà onípupa lọ. Wọ́n ní nígbà tó kú, inú Bíbélì rẹ̀ ni wọ́n ti bá a.

Èmi ni wọ́n fún ní aago ọkọ ìyá onílé. Mo ti dàgbà ju bí ìyá onílé ṣe wà nígbà náà lọ. Lọ́sàn-án mìíràn, bí ooru bá ṣàdédé dé tí àyà mi sì já, mo máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé, mo máa ń fi ìka lé ọrùn ọwọ́, mo máa ń kà á sókè. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n. Wọn kì í sá. Èyí àbíkẹ́yìn á wá dúró tì mí, á ní, "Màmá, ó ti di mélòó?"