Ayàwòrán Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Ń Gbọ̀n

"Ẹ-Má-Mì" ni gbogbo àdúgbò ń pe ayàwòrán náà, nítorí ohun tó máa ń tẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn kó tó tẹ kámẹ́rà: "Ẹ má mì o, ẹ wo ibí." Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ya àwòrán pásípọ́ọ̀tù nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé rẹ̀. Ta ló mọ̀ pé òun gan-an ni yóò padà máa mì?

Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó pè é ní àárẹ̀. Kó tó tó oṣù mẹ́fà, àwòrán rẹ̀ ti ń sọ olójú méjì di olójú mẹ́rin. Àwọn oníbàárà kò bá a jà. Wọ́n kàn rọra gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ ni. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Bàbá, inú ọpọlọ ni àìsàn yìí wà. Oògùn á dín in kù, àmọ́ kò ní lọ." Ó délé, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó jókòó.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló fi jókòó bẹ́ẹ̀ kó tó sọ fún ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, pé òun fẹ́ máa ya àwòrán ìràwọ̀.

"Ìràwọ̀ kẹ̀? Bàbá Ìbejì, ọwọ́ tí kò lè gbé ife tíì dé ẹnu yín?"

"Ìràwọ̀ kò bèèrè ọwọ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀rọ ló ń di kámẹ́rà mú."

Wọ́n jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run. Obìnrin tó ń tajà mú wọn lọ tààrà sídìí awò funfun ràgàjì kan. "Bàbá, èyí ni ọ̀gá gbogbo wọn."

Ẹ-Má-Mì fi ọwọ́ òsì, tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ti ẹsẹ̀ mẹ́ta tí awò náà dúró lé. Gbogbo rẹ̀ mì jìgìjìgì.

"Ọ̀gá tí kò lẹ́sẹ̀," ló ní. "Ẹ gbé e sẹ́yìn."

Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí kò ti sọ ọ́ láti ìgbà tó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ojú ọ̀run ń yí, àwòrán ìràwọ̀ kan sì lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ohun tó gbé awò dúró kò bá bá ọ̀run yí, ìràwọ̀ á fà gbọọrọ bí òwú. "Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rà, kó tó ra ojú." Ó mú ẹsẹ̀ tó wúwo, tó ní mọ́tò tó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Awò kékeré tí kò gùn ju apá lọ ló mú tẹ̀ lé e, àti òrùka tí yóò so ó mọ́ kámẹ́rà àtijọ́ rẹ̀, àti wáyà tó ní bọ́tìnnì lẹ́nu, kí ọwọ́ má baà kan kámẹ́rà rárá.

Orí òrùlé pẹlẹbẹ ilé wọn ni wọ́n ti fẹ́ tò ó. Àwọn ìdè onírin tí wọ́n ń yí wọlé kéré bí orí èèrà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà kẹta, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Ìyàwó rẹ̀ kò pẹ̀ ẹ́. Ó ṣa àwọn ìdè náà, ó há wọn sẹ́nu bó ti máa ń há píìnì bó bá ń ránṣọ, ó ń dè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èwo ló kàn?"

Láti ọjọ́ náà, ọkọ di ẹnu, ìyàwó di ọwọ́. Àwòrán àkọ́kọ́ fà bí òwú lóòótọ́. Ìkùukùu bo èkejì. Lálẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, ìdì ìràwọ̀ kan jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró gedegbe bí orí abẹ́rẹ́. Ó wò ó títí tíì rẹ̀ fi tutù.

Ìyẹn nìkan ló rí yà. Àìsàn náà wọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ìyàwó ń dá gòkè lọ. Ó gbé àwòrán kan wá bá a lórí ibùsùn, ìrù wà nídìí gbogbo ìràwọ̀ inú rẹ̀.

"Ṣé ó dáa báyìí?"

Ọ̀rọ̀ ti wúwo lẹ́nu rẹ̀. "Kò dáa. Padà lọ."

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìyàwó kò rí ìràwọ̀ yà. Lọ́jọ́ keje, oúnjẹ ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì kú ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ojú ọ̀run là, àwọn ìbejì tó ń gbé lọ́nà jíjìn ti dé fún ìsìnkú. Wọ́n gun òrùlé lọ, wọ́n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, wọ́n kó o sínú páálí. Ìyá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà òrùlé, ó ń wò wọ́n, "Padà lọ" tí ọkọ rẹ̀ sọ ṣì wà létí rẹ̀. Kò bá wọn jà.