Òmu Méje Lábẹ́ Kòkó

Kòkó àtijọ́ pọ̀ lẹ́yìn ilé mi ní Ìkàrẹ́. Oòrùn kì í kan ilẹ̀ abẹ́ wọn. Olùkọ́ wa ní kíláàsì alẹ́ tí mo ń lọ ló sọ pé irú ibẹ̀ ni òmu fẹ́ràn, ewéko etí odò tí ewé rẹ̀ máa ń gùn bí imọ̀ ọ̀pẹ. Mo pinnu láti gbìn ín, kí màmá mi lè rí ibi tútù jókòó sí. Wọ́n ti ń dá gbé ní Ọ̀kà láti ìgbà tí bàbá ti kú, wọ́n sì ti gbà láti wá máa bá mi gbé.

Mo hú òmu méje nísàlẹ̀ òkè Ọ̀kà. Mo kọ ebè gígùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi ewé jíjẹrà bò ó, mo sì ri ọ̀pá pèrègún mọ́ orí rẹ̀, kí n lè máa fi í wọn bí ó ti ń ga, kí n sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Pèrègún ló wà nítòsí; n kò ro ohun mìíràn. Kò pẹ́ tí gbogbo ọ̀pá náà fi hu ewé. Àwọn òmu ga dé èjìká mi, ọ̀mùnú wọn ká jọ bí ìkúùkù. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń kọjá lẹ́yìnkùlé máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Bàbá kan tilẹ̀ ṣí fìlà. Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé mi.

Nígbà tí màmá mi dé pẹ̀lú ẹrù wọn, wọ́n dúró létí ibòji náà, wọ́n ń ka àwọn ebè náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

“Ta lo sin síbẹ̀?”

Mo ní ewéko lásán ni. Mo ṣí ìwé mi, mo fi òṣùwọ̀n hàn wọ́n.

“A kì í fi rúlà wọn òkú,” ni wọ́n wí. “Orí sàréè ni àwa ń ri pèrègún sí. Mi ò lè sùn ti ẹni méje tí mi ò mọ̀.”

Wọ́n jókòó lórí ẹrù wọn. Wọ́n ní bí n kò bá fa àwọn pèrègún náà tu lójú àwọn, ọkọ̀ Ọ̀kà ni àwọn yóò wọ̀ padà.

Mẹ́fà gbọ́ràn. Ìkeje kò tu. Mo kúnlẹ̀, mo wa ìdí rẹ̀, apá mi sì wọlé dé èjìká láìkan ìsàlẹ̀ ihò náà. Inú ibẹ̀ tutù. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ewé òmu náà mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màmá bi mí bóyá nǹkan wà níbẹ̀.

“Kò sí nǹkan kan, Màmá.”

Mo fi òkúta dí ihò náà, mo gé pèrègún náà mọ́ ilẹ̀. Wọ́n gbé ẹrù wọn, wọ́n wọlé, ọ̀dọ̀ mi náà ni wọ́n sì wà títí di òní. Wọ́n máa ń jókòó lábẹ́ kòkó lọ́sàn-án, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí. Mo ṣì ń wọn òmu mẹ́fà. N kì í sún mọ́ ìkeje.