Ohùn Oyin àti Tẹlifóònù Tó Ń Dáhùn Lẹ́yìn Iṣẹ́

Ohùn Oyin ni gbogbo wa ń pè é níbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi là ń tà, òun ló sì jókòó sídìí tábìlì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn gíláàsì, tó ń gba ìpè. Tó bá ń bá wa jà, ohùn rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí tẹlifóònù ṣáà ti dún, ẹ ó rò pé ẹlòmíì ló gbé e ni.

Àwọn oníbàárà wá ń ráhùn pé tí àwọn bá pè lẹ́yìn tá a ti ṣíwọ́, ńṣe ni tẹlifóònù máa ń dún títí tí á fi rẹ̀ ẹ́. Ni ọ̀gá wa bá ní kí ẹ̀rọ máa dáhùn. Onítẹlifóònù dé, ó ní òun nílò ohùn kan. Ta la tún fẹ́ wò? Ohùn Oyin mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó tún irun ṣe bí ẹni pé ẹ̀rọ náà lójú, ó sì sọ ọ́ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn:

"A ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ tẹ ení. Tí ẹ̀rọ yín bá bàjẹ́, ẹ tẹ èjì. Tàbí kí ẹ fi ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀."

Kò sí ẹni tó mọ̀ tí kò sọ fún pé kó pè kó gbọ́ òun. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ náà, àfi pé ó gbàgbé láti sọ pé ẹ̀rọ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá ní kí gbogbo wa wá gbọ́ ohun táwọn oníbàárà fi sílẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì, ohùn ìyá àgbà kan sì bẹ́ jáde:

"Ọmọ mi, o ní kí n tẹ́ ẹní. Mo ti tẹ́ ẹ, mo ti jókòó sórí ẹ̀. Kí ló kàn?"

Ohùn Oyin dìde, ó tún jókòó.

"Mo ń kí ẹ, o ò dáhùn. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìwọ náà ń sọ tìẹ. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀ o!"

Awakọ̀ wa fọwọ́ bo ẹnu. Akáúńtáńtì kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ọ̀gá wọn, tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ọmọ mi máa bọ̀ wálé. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ ní àsọtúnsọ."

A wo ojú ọ̀gá, ọkùnrin tó ń ṣe bí ẹni pé owó ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gborí lé tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bá mi pe ìyá rẹ," ló wí fún Ohùn Oyin nígbà tó rí èémí mí.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìyá wí lórí fóònù. "Ṣé ọmọ mi ti rí oorun sùn?"

"Ó ti sùn, Mà. Ẹ̀rọ lẹ bá sọ̀rọ̀ lánàá. Ohùn rẹ̀ la gbà sínú ẹ̀rọ."

Ìyá ní, "Ẹ̀rọ tí kì í kí èèyàn?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe onítẹlifóònù padà. Ohùn Oyin fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ káalẹ́ o," akáúńtáńtì ní tí wọ́n bá pè lọ́sàn-án Sátidé ńkọ́? Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí títí, kí wọ́n tó fẹnu kò sí "Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀ yìí."

Ojú ti Ohùn Oyin fún ìgbà díẹ̀, ó ń dá jẹun. Nígbà tó yá, ó kíyè sí i pé láràárọ̀ Mọ́ńdè, nọ́ńbà ìyá rẹ̀ máa ń wà lórí ẹ̀rọ, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Ó pè wọ́n.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ń pè tí ẹ kì í sọ nǹkan kan?"

"Kò sí o. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ẹ ni. Ìwọ gan-an kì í pẹ́ lórí fóònù."

Ohùn Oyin fa àga rẹ̀ mọ́ra, ó bi wọ́n bí orúnkún tó ń dùn wọ́n ṣe ń ṣe sí. Tẹlifóònù kejì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí tábìlì. Ọ̀gá ló wá gbé e.