Fíláàṣì Tí Mo Yàn fún Orin Màmá

Òórùn òjé tó ń yọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, òórùn ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní Òkìtìpupa níbi tí ọ̀gá kan ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká ìjọ wa lé itan bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ìjọ aládùúrà ni wá, ní Igbótàkó. Ọdún méjì péré ni mo lò ní girama kí n tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà fún oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wa nígbà náà, ẹni tó bá ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ti di ọ̀mọ̀wé. Èmi ni wọ́n rán.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò kéré. Màmá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí orin máa ń sọ̀ kalẹ̀ fún nínú ẹ̀mí. Etí òkun ni àwọn bàbá wọn ti wá, ṣùgbọ́n Igbótàkó ni wọ́n bí wọn sí. Bí Màmá bá wà lórí eékún, wọ́n á kàn gbé orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, ní èdè Ìkálẹ̀ wa gan-an, gbogbo ìjọ á sì gbè é. Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀kan sílẹ̀ rí. Ojú Màmá ti ń ṣú, ọmọ wọn fẹ́ mú wọn lọ sí Èkó fún iṣẹ́ abẹ, ni bàbá olùṣọ́ ìjọ wa bá ní kí n tẹ àwọn orin náà kí Màmá tó lọ, kí a lè sọ wọ́n di ìwé ní ọjọ́ ìkórè.

Ọ̀gá tú kọ̀ǹpútà náà wò, wọ́n ní ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí nínú ti kú. Wọ́n ní kò burú, pé a lè fi ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà sórí fíláàṣì, kó máa ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Wọ́n kó fíláàṣì méjì sílẹ̀, dúdú àti pupa, wọ́n ní kí n wò wọ́n kí n yan ọ̀kan. Dúdú pẹ́ kó tó jí. Nígbà tó sì jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè lórí ìbéèrè lédè Òyìnbó. Àwọn ọmọbìnrin yunifásítì méjì tó ń dúró de fóònù wọn wà lẹ́yìn mi. Mo ń fi ètè ka ọ̀rọ̀ náà wẹ́wẹ́.

"Àǹtí, ṣé ẹ ò rí i ni?" ọ̀kan nínú wọn wí. "Ó wà níwájú yín níbẹ̀ yẹn." Èkejì rẹ́rìn-ín.

Pupa kò bi mí ní nǹkan kan. Kíá ló tàn, tòun ti àwòrán òdòdó.

"Èyí yára," ọ̀gá wí, "ó sì dáa fún ẹ̀rọ tó ti dàgbà. Ṣùgbọ́n onígbàgbé ni. Bó bá ti kú, gbogbo ohun tí o ṣe lórí rẹ̀ ti lọ nìyẹn, àfi tí o bá ń kó o sórí fíláàṣì mìíràn. Dúdú yẹn lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń rántí. Ó yé ẹ?"

Bó ṣe yé mi lónìí ni mo ṣe kọ ọ́ yìí. Lọ́jọ́ náà, ìdajì rẹ̀ Òyìnbó ni, "ó yára" nìkan ni mo sì gbọ́ dáadáa. Nílé wa, ẹni tó bá mú kí àgbà sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní kò fọkàn sí i. Wọ́n tún máa ń sọ fún wa pé abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nínú méjèèjì, èyí tó rọ̀ mí lọ́rùn ni mo mú.

"Ó yé mi, sà. Ẹ fún mi ní pupa."

Ọ̀sán mẹ́ta ni Màmá fi kọrin fún mi lórí ẹní nínú ìyàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹ̀rọ rẹ ń gbọ́ Ìkálẹ̀?"

"Ó ń gbọ́, Màmá."

"Ó dáa. Ó gbọ́n ju àwọn ọmọ ọmọ mi tó wà l'Ékòó lọ."

Orin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a tẹ̀. Mi ò pa kọ̀ǹpútà náà rárá, mo kàn ń pa ìdérí rẹ̀ dé ni, nítorí náà mò ń bá àwọn orin náà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbà tí Màmá ti lọ sí Èkó tán ni iná lọ fún ọjọ́ méjì, bátìrì sì kú. Nígbà tí iná dé, mo tan kọ̀ǹpútà. Òdòdó yọ. Mo ṣí gbogbo ibi tó ṣeé ṣí, òdòdó náà nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ṣèbí mo sọ fún ẹ?" ọ̀gá wí nígbà tí mo padà lọ. "O ní ó yé ẹ!" Wọ́n fún mi ní dúdú. Dúdú ń rántí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fẹ́ rántí mọ́.

Màmá fúnra wọn pè mí láti Èkó. "Ọmọ mi, ṣé àwọn orin mi wà lálàáfíà?"

"Wọ́n wà, Màmá."

Ǹ bá ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún wọn kọ sí mi létí lórí fóònù. Ẹnu mi kò gbà á. Mo jókòó, mo tẹ ogún tí mo rántí. Nínú mọ́kànlá tó kù, ègbè ni mo rántí nínú òmíràn, ìlà kan péré nínú òmíràn, mo sì fi ọ̀rọ̀ ara mi dí àlàfo wọn. Nínú ọ̀kan, mo fi ìlà kan sí i tó jẹ́ pé, bí mo bá yí i sí Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́, ó ń wí pé: "Omi tó gbé mi lọ, òun náà ló gbé mi bọ̀."

Orin yẹn ni ìjọ fẹ́ràn jù lọ́jọ́ ìkórè. Obìnrin kan ṣubú lulẹ̀ nítorí rẹ̀, ó ń sunkún. Màmá ti dé, ojú wọn ti là, wọ́n dúró níwájú pẹ̀lú ẹnu tó pa dé.

"Ta ló ni èyí?" Màmá béèrè nígbà tí orin parí.

Ìyá ìjọ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ni, Màmá! Ó wà nínú ìwé."

Màmá yíjú sí mi. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, Màmá. Lọ́sàn-án kejì ni, nínú ìyàrá ẹ̀yìn."

Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀. "Orí àgbà nìyẹn. Mo ti ń gbàgbé ohun tí Olúwa fún mi."

Láti ọjọ́ náà, Màmá kò gbé orin mọ́. Bí wọ́n bá bẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní orí àwọn kò ṣeé fọkàn tán mọ́, kí àwọn má lọ fún ènìyàn ní ohun tí ẹ̀mí kò rán.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ sílé wọn láti jẹ́wọ́. Mo kúnlẹ̀. Kí n tó la ẹnu, Màmá di ọwọ́ mi mú. "Ó dáa tí o wá. Jọ̀ọ́, kọ́ mi ní orin omi yẹn. Ojú ń tì mí, kí wọ́n máa kọ orin mi, kí n máa wo ẹnu wọn."

Mo kọ́ wọn. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni mò ń sọ, wọ́n ń sọ ọ́ tẹ̀lé mi bí ọmọ ilé ìwé, bí wọ́n bá ṣì í, wọ́n á bẹ̀ mí.

Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ọwọ́ mi ni òtítọ́ yìí wà, èmi náà ni mò ń dá a dúró lọ́nà. Màmá ti mọ orin náà dáadáa. Bí wọ́n bá kọ ọ́ tán lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n á wo apá ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí a bá wá ohun rẹ̀ tó sọnù rí. Èmi náà á rẹ́rìn-ín padà.