Okùn Ìwọ̀ Tó Ń Lọ́ Lọ́dọọdún

Ẹni tó bá wọ garage wa ní Union City, àpò ìrẹsì ló máa kọ́kọ́ rí, àti àga oníke, àti fírísà tí mo ń kó ẹran sí. Lẹ́yìn fírísà yẹn ni ẹrù tí kò yẹ kó wà nílé ọmọ Yorùbá kankan ní Atlanta wà: korobá funfun kan, irin gígùn tí wọ́n fi ń lu ihò sójú omi tó ti dì, àti àwọn ọ̀pá ìpẹja tí kò gùn ju omorogùn lọ. Ìlú tó jẹ́ pé bí yìnyín bá fẹ́ já bọ́ lásán, wọn á ti ilé ìwé pa, kí la fẹ́ fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣe níbẹ̀? Àwọn ará church tó bá wá yá àga máa ń bi mí, mo sì máa ń ní ti ọkọ mi ni. Irọ́ ni. Tàwa méjèèjì ni.

Minnesota la kọ́kọ́ gbé nígbà tí a dé Amẹ́ríkà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ọkọ mi ló mú un lọ pẹja lórí adágún tó ti dì. Ó mú ẹja wálé, láti ọjọ́ náà kò sì jẹ́ kí etí mi sinmi, àfi kí èmi náà bá òun lọ. Mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Mo ní Pétérù tí Jésù fúnra rẹ̀ pè sórí omi, ṣebí rírì ló bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ká má tíì wá sọ èmi tí ẹnikẹ́ni ò pè. Nígbà tó yá mo tẹ̀lé e, kí n kàn lè wà níbẹ̀ nígbà tí omi bá fẹ́ gbé wa lọ, kí n ní mo kúkú sọ fún yín.

Ká sọ tòótọ́, ibẹ̀ dùn. Àgọ́ kékeré kan la máa ń pa sórí omi dídì náà, àwa méjèèjì á jókòó lórí korobá tí a dojú rẹ̀ dé, ihò á wà láàárín wa. Màá ti da ògì gbígbóná sínú fláàsì, màá ti fi fóìlì wé àkàrà. Atẹ́gùn á máa fẹ́ lóde, àwa á wà nínú, à ń wo okùn. Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nílé. Bí o bá ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, o máa pẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń wo ihò yẹn, ọ̀rọ̀ á máa jáde fúnra rẹ̀: ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tó kú tí kò lè lọ sin ín, ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó ń fojú di í, àti ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé mo ti lóyún. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó sínú ihò, a ò rí i mọ́ títí dòní. Mo ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀.

Èmi ni mo ní ká kó wá sí Atlanta. Òtútù ti wọ eegun mi, mi ò lè fara dà á mọ́. Mi ò kábàámọ̀ ooru tí a bá níbí, ṣùgbọ́n àwọn Sátidé wọ̀nyẹn, àárò wọn sọ mí débi pé ó máa ń dùn mí láyà. Mo ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ojúmọmọ, òun rí ti warehouse tó jẹ́ alẹ́. Bí mo bá ń wọlé, òun ń jáde. Ọ̀rọ̀ wa di ti bill iná àti ta ni yóò lọ gbé ọmọ ní school. Ọmọ náà dàgbà, ó lọ sí college nítòsí West End, ilé wá pa lọ́lọ́.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù lọ́dún tí a ṣì ń jókòó kojú síra wa: Sátidé tó tẹ̀lé Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìparí oṣù kọkànlá. Ní Minnesota, ọjọ́ yẹn la máa ń yẹ ẹrù ìpẹja wò kí omi tó dì. Ọkọ mi kò jẹ́ kí ọjọ́ náà kú. Ó ní bí a ò bá máa tú wọn wò, okùn á gbó. Gbogbo ọdún la máa ń bá okùn náà ní lílọ́ pọ̀, torí pé inú korobá la máa ń da gbogbo rẹ̀ sí. Òun á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, èmi á wá orí okùn, màá máa fà á, màá máa ká a mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi á máa bínú, òun á máa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ilẹ̀ á ti ń ṣú kí a tó parí.

Mo ní sùúrù fún aláìsàn, mi ò ní fún okùn. Lọ́dún kan mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo mú àwọn rólà onífóòmù tí mo fi ń ká irun, mo fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ wọn díẹ̀, mo ká okùn kọ̀ọ̀kan mọ́ tirẹ̀, mo ki ìdí okùn bọ ibi tí mo là, mo sì gún ìwọ̀ rẹ̀ mọ́ inú fóòmù. Òjé wẹ́wẹ́ tó ń fa okùn wálẹ̀, inú ike oògùn olójú méje ni mo tò ó sí, irú èyí tí àwọn aláìsàn mi ń to oògùn ọ̀sẹ̀ sí. Mo fi àjákù àǹkárá rán àpò fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, mo fi òwú ìdirun so ẹnu wọn. Mo tiẹ̀ ju àpò kékeré tó máa ń wà nínú bàtà tuntun sí i, kí ìwọ̀ má bàa dípẹtà. Inú mi dùn. Mo ní bí wọ́n bá pè wá lónìí pé omi ti dì, a kàn máa gbé e ni, ó di Minnesota. Ọkọ mi wò ó, ó ní ó dáa.

Nígbà tí Sátidé wa tún pé, mo ṣí ẹrù, okùn ti lọ́ pọ̀ nínú korobá bíi ti àtẹ̀yìnwá. Gbogbo rólà ṣófo. Àwọn ìwọ̀ nìkan ló wà létòlétò, nínú ike oògùn pẹ̀lú òjé. Mo bú eku. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù, mo bú òun náà, ó ní kí lòun fẹ́ fi okùn ṣe. Ọkọ mi ní ooru Atlanta ni, pé ooru máa ń mú okùn tú ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yẹ̀. A jókòó, a tú u. Lẹ́yìn náà mo tún gbogbo rẹ̀ tò bí mo ṣe tò ó tẹ́lẹ̀, mo sì búra níwájú rẹ̀ pé bí mo bá tún bá a ní lílọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, màá kó gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ nínú church, títí kan irin ihò. Ó mọ̀ pé mi kì í búra lásán. Ó kàn ń wo ilẹ̀ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ Thanksgiving tó kọjá, aláìsàn kò pọ̀ ní ward wa, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mo dé, mo rí i pé ilẹ̀kùn garage ṣí dé ìdajì. Ọkọ mi jókòó sórí àga oníke, aṣọ iṣẹ́ àná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò tíì sùn. Ẹrù ìpẹja wà níwájú rẹ̀. Ó mú rólà kan, ó tú ìwọ̀ kúrò lẹ́nu okùn, ó rọra fi ìwọ̀ náà sínú ike oògùn, ó pa ike náà dé. Lẹ́yìn náà ó tú okùn kúrò lára rólà, ó jù ú sínú korobá. Ó mú òmíràn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọ inú korobá tán, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó lọ́ ọ pọ̀ dáadáa.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Èèyàn tó jẹ́ kí n máa bú eku! Mo ti la ẹnu tán kí n tó rántí àwọn ìwọ̀ yẹn, ni mo bá pa á mọ́. Ó ń yọ wọ́n kí wọ́n má bàa gún mi lọ́wọ́ bí mo bá ń tú okùn. Mo wá rò ó: bí mo bá bá a bí mo ṣe tò ó, kí ni màá ṣe ní Sátidé? Màá yọjú sí i, màá yin ara mi, màá dé e, màá wọlé lọ se ọbẹ̀. Ó kúkú gbọ́ nígbà tí mo búra. Ó mọ̀ pé ẹrù náà lè lọ pátápátá, síbẹ̀ kò mọ bó ṣe máa sọ fún mi pé kí n wá jókòó ti òun. Omi bọ́ lójú mi níbi tí mo dúró sí. Mo padà sínú mọ́tò, mo lọ rìn káàkiri ṣọ́ọ̀bù títí di ìgbà tí mo máa ń dé láti ibi iṣẹ́.

Sátidé pé. Ó ti to àga méjì kojú síra kí n tó jáde sí garage. Mo ṣí ìdérí korobá. Kò wo ojú mi. Korobá náà ló ń wò.

"Daddy, ó tún ti lọ́ o," ni mo wí.

"Ooru ni," ló fèsì.

Mo gbé fláàsì ògì tí mo ti pò láàárọ̀ sílẹ̀ láàárín wa, mo sì jókòó. "Ẹ mú ọwọ́ yín wá."

Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Mo wá orí okùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà, mi ò bínú lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, ó ti ń dun òun tipẹ́. Ó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rù ló ń ba òun láti sọ ọ́. Ó ní òun ṣì máa ń lá àlá ọ̀pá tó kó sínú ihò lọ́jọ́ tí mo sọ fún òun pé mo lóyún, pé nínú àlá náà òun máa ń rí i mú. A rẹ́rìn-ín títí a fi da ògì sílẹ̀.

Nígbà tí a tú èyí tó kẹ́yìn tán, ó na rólà kan sí mi, ó ní kí n wá ká a bí mo ṣe máa ń ká a. Mo gba rólà náà, mo kó o pẹ̀lú àwọn ìyókù, mo dà wọ́n sínú ike ìdọ̀tí. Mo kó okùn jọ, gbogbo rẹ̀, mo jù ú sínú korobá, mo sì dé e. Ike ìwọ̀ nìkan ni mo gbé sọ́tọ̀.

Ó ń wò mí. "Mummy, ṣé kò ní lọ́ báyìí?"

"Ẹ jẹ́ kó lọ́," ni mo wí.